Òòfà, Ihò Dúdú àti Àrèmabọ̀: Àríwísí lórí Ọ̀rọ̀-Ìperí Ìmọ̀ Ojú Ọ̀run ní Yorùbá-Nàgó

Ní ọjọ́ 10 oṣù kẹrin ọdún 2019, àwọn onímọ̀ ìràwọ̀ láti orílẹ̀-èdè púpọ̀ fi àwòrán kan han aráyé: òrùka iná kan tí àárín rẹ̀ ṣókùnkùn biribiri. Ohun tó wà láàárín òrùka náà wà nínú agbo ìràwọ̀ kan tí wọ́n ń pè ní M87. Ìwọ̀n rẹ̀ tó ìwọ̀n oòrùn lọ́nà bíllíọ̀nù 6.5, ìmọ́lẹ̀ tó sì ti agbègbè rẹ̀ wá ti rìn fún nǹkan bí ọdún mílíọ̀nù 55 kí ó tó dé ọ̀dọ̀ ọmọ ènìyàn. Trou noir ni àwọn Faransé ń pè é, black hole ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè é. Olùtumọ̀ tó bá jókòó ní Kútọnu láti sọ irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ fún ará Kétu tàbí ará Ṣábẹ̀ẹ́ kò ní ronú pẹ́ kí ó tó kọ “ihò dúdú” sílẹ̀. Bí wọ́n bá sì bi í pé kí ni ihò dúdú ń ṣe, yóò dáhùn pé agbára òòfà rẹ̀ pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi ń fa ohun gbogbo wọlé, títí kan ìmọ́lẹ̀. Gbólóhùn yìí dùn ún gbọ́, ó sì yé ọmọdé. Ṣùgbọ́n nínú ọ̀rọ̀ pàtàkì mẹ́ta tó wà nínú rẹ̀, ìyẹn ihò, dúdú àti òòfà, kò sí ọ̀kan tí kò yẹ kí a tún gbé yẹ̀ wò.

Òòfà ni ó yẹ kó ṣáájú, nítorí òun ni ó ti pẹ́ jù lẹ́nu àwọn olùkọ́. Láti ara ọ̀rọ̀-ìṣe fà ni ó ti jáde. Òkúta tàbí irin tó ń fa irin mọ́ra ni ìtumọ̀ rẹ̀. Láti ibẹ̀ ni ó ti gba ìtumọ̀ mìíràn, ti ẹwà tàbí ìwà tó ń fa ọkàn ènìyàn, tí àwọn akéwì fi ń sọ̀rọ̀ òòfà ìfẹ́. Nígbà tí àwọn oníṣẹ́ ìwé wá ń wá ọ̀rọ̀ fún ohun tó ń mú nǹkan bọ́ sílẹ̀, òòfà yìí náà ni wọ́n nà dé ibẹ̀, tí “agbára òòfà ilẹ̀” fi di ọ̀rọ̀ ilé-ẹ̀kọ́. Báyìí ni ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ṣe ń ru ẹrù ohun méjì tí ìmọ̀ fisíìkì ti yà sọ́tọ̀ gedegbe. Òòfà irin a máa ṣe ojúsàájú: ó ń fa ìṣó, ó sì ń fi ewé sílẹ̀ níbi tó wà. Ó ní orí méjì, bí wọ́n bá sì kọ orí tó jọra sí ara wọn, wọn a lé ara wọn sẹ́yìn. Ohun tó ń mú àgbọn bọ́ láti orí igi kì í ṣe ojúsàájú, kò sì sí ẹni tó rí i rí kó lé àgbọn padà sókè. Ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ tí wọ́n fún ní orúkọ kan náà fún méjèèjì yóò béèrè ìdí tí ilẹ̀ fi ń fa omi, nígbà tí òòfà ọwọ́ olùkọ́ kò fa omi. Olùkọ́ á ní èyí kọ́ ni ìyẹn. Bí èyí kò bá ṣe ìyẹn, kí ló dé tí orúkọ wọn fi jẹ́ ọ̀kan?

Èdè kò jẹ̀bi ọ̀ràn yìí. Ẹni tó yan ọ̀rọ̀ ló yẹ kó jíhìn. Ọ̀rọ̀ Faransé náà, gravitation, láti inú Látìn gravis ni ó ti wá, ìyẹn ni pé ó wúwo. Pesanteur, ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, bá ọ̀rọ̀-ìṣe tó túmọ̀ sí wíwọ̀n àti wíwúwo tan. Àwọn méjèèjì sọ ohun tí ọwọ́ ènìyàn mọ̀ nígbà tó bá gbé ẹrù, wọn kò sọ ìdí rẹ̀. Ẹ̀kẹta, attraction, nìkan ni fífà wà nínú rẹ̀, ó sì jẹ́ ọ̀rọ̀ àlàyé. Olùtumọ̀ Yorùbá fi gravitation sílẹ̀, ó túmọ̀ attraction. Ìyẹn ni pé ó sọ nǹkan náà ní àlàyé tí ọgbọ́n ìgbà kan fún un, kò sọ ọ́ ní orúkọ. Bẹ́ẹ̀ Newton fúnra rẹ̀, tí àlàyé náà ń jẹ́ tirẹ̀, kọ ọ́ sínú àtẹ̀jáde kejì ìwé rẹ̀ ní 1713 pé òun kò ní méfò lórí ohun tó ń fa fífà náà. Olùtumọ̀ wá dá ohun tí Newton kò dá lójú sílẹ̀ ní òfin.

Ohun tó yani lẹ́nu ni pé ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́ kò ní àléébù yìí. Bí màńgòrò bá kúrò lórí igi, Yorùbá a ní ó já bọ́. Bí ògiri bá rọ̀ sílẹ̀, a ní ó wó; bí ọmọdé bá kọsẹ̀, a ní ó ṣubú. Kò sí afànìyàn tàbí afàǹkan kankan tó fara pamọ́ sínú àwọn ọ̀rọ̀-ìṣe wọ̀nyí. Màńgòrò ni olùwà, òun nìkan ni ó sì ń ṣe ohun tó ń ṣe. Nígbà tí Einstein ṣàkíyèsí ní 1907 pé ẹni tó ń já bọ́ kò mọ ìwúwo ara rẹ̀ lára rárá, ọ̀nà tó gbà sún mọ́ ọ̀rọ̀ náà fara jọ já bọ́ ju òòfà lọ. Èyí kò sọ pé àwọn baba ńlá Nàgó mọ ohun tí Einstein mọ̀. Ohun tó ń sọ ni pé ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ láti inú èdè fúnra rẹ̀ kò ní láti kọ́kọ́ tú ohun tí òòfà ti dì ní kókó.

Ìyàtọ̀ tó wà láàárín fífà àti ohun tí Einstein fi rọ́pò rẹ̀ kì í sì í ṣe ìjà àwọn onígírámà lásán. Wọ́n ti wọ̀n ọ́n rí, inú Òkun Gínì níbí ni wọ́n sì ti wọ̀n ọ́n. Láti Kútọnu dé erékùṣù Príncipe kò tó 800 kìlómítà. Ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 1919, òṣùpá bo oòrùn mọ́lẹ̀ pátápátá níbẹ̀ fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 5. Arthur Eddington àti Edwin Cottingham ti gbé awò wọn kalẹ̀ ní Roça Sundy, oko kòkó kan lábẹ́ ìjọba Pọtogí. (Kòkó àwọn erékùṣù wọ̀nyí ni ilé-iṣẹ́ Cadbury kọ̀ láti rà mọ́ ní 1909, nítorí ọ̀nà ẹrú tí wọ́n ń gbà lo àwọn òṣìṣẹ́ oko, àwọn tó ń ròyìn ọjọ́ náà kì í sábà rántí ìyẹn.) Wọ́n fẹ́ mọ bí ìmọ́lẹ̀ ìràwọ̀ tó ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ oòrùn yóò ti yà kúrò lójú ọ̀nà tó. Bí wọ́n bá pín dìgírì kan sí ọ̀nà 3,600, ìṣirò tó gba òòfà Newton gbọ́ sọ pé ìyapa náà kò ní ju 0.87 nínú irú ìpín bẹ́ẹ̀ lọ. Ìṣirò Einstein ní 1.75, ìlọ́po méjì. Òjò rọ̀ ní àárọ̀ ọjọ́ náà, ìkùukùu kò sì kúrò lójú ọ̀run. Nínú àwòrán 16 tí wọ́n yà, 2 péré ni ìràwọ̀ inú rẹ̀ tó ṣeé lò. Ohun tí wọ́n rí ní Príncipe jẹ́ 1.61, ohun tí ẹgbẹ́ kejì rí ní Sobral ní Brazil jẹ́ 1.98. Wọ́n kéde rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọjọ́ 6 oṣù kọkànlá ọdún kan náà. Àwọn kan ti ṣàríyànjiyàn pé òǹkà wọ̀nyí kò dúró ṣinṣin tó. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn onímọ̀ láti Texas tún ṣe irú iṣẹ́ náà ní Chinguetti ní Mọriténíà, nígbà tí òṣùpá bo oòrùn ní ọjọ́ 30 oṣù kẹfà ọdún 1973, ohun tí wọ́n rí jẹ́ 0.95 ohun tí Einstein sọ, tí àyè àṣìṣe rẹ̀ jẹ́ 0.11. Òòfà ìbá ti fún wọn ní nǹkan bí 0.5. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ti wá sí Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà láti gbé ọ̀rọ̀ náà sórí ìwọ̀n, ẹ̀ẹ̀mejèèjì ni òòfà sì fúyẹ́.

Kí ni Einstein wá fi rọ́pò fífà? Ó ní àyè àti àkókò jẹ́ ohun kan ṣoṣo tó ń tẹ̀ níbi tí ìwọ̀n bá wà, pé ohun tó ń já bọ́ ń tọ ọ̀nà tó tọ́ jù lọ nínú ohun tó ti tẹ̀ náà ni. Àwọn ìwé a máa fi aṣọ tí wọ́n na tí wọ́n sì gbé òkò lé ṣe àpèjúwe rẹ̀. Àpèjúwe tí kò dára ni, nítorí ohun tó mú òkò tẹ aṣọ náà ni ohun tí wọ́n ń fẹ́ ṣàlàyé. Àpèjúwe mìíràn wà tó sàn jù. Kí ẹnì kan dúró ní Kútọnu, kí ẹnì kejì dúró ní Èkó, kí àwọn méjèèjì kọjú sí àríwá gan-an, kí wọ́n sì máa rìn lọ láìyà sọ́tùn-ún, láìyà sósì. Bí wọ́n ti ń lọ ni wọn yóò máa sún mọ́ ara wọn, títí wọn yóò fi pàdé ní òpin àríwá ayé. Kò sí ẹni tó fa ẹnì kan mọ́ra nínú wọn. Ilẹ̀ ayé tí wọ́n ń rìn lórí rẹ̀ ni kò tẹ́ pẹrẹsẹ.

Láti inú èyí ni àbá àkọ́kọ́ ti lè jáde. Kí òòfà padà sí ọ̀dọ̀ irin, níbi tó ti wá. Kí “ipá ìwúwo” dúró fún gravitation ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti nínú ohun tí Newton kọ, nítorí ó bá gravis mu, kò sì dá ẹjọ́ kankan. Kí “ìtẹ̀” dúró fún ohun tí Einstein sọ. Àwọn kan lè ní ìtẹ̀ ti ní iṣẹ́ mìíràn, nítorí ọba náà a máa tẹ́, orí ìtẹ́ ni ó sì ń jókòó. Ohùn ọ̀rọ̀ dáhùn ìyẹn: tẹ́ kọ́ ni tẹ̀, ìtẹ́ kọ́ ni ìtẹ̀. Ẹni tó bá ń kọ Yorùbá láìfi àmì sí i yóò kó ara rẹ̀ sí wàhálà níbí, ṣùgbọ́n ìdí kan sí i ni èyí láti fi àmì sí i. Ìtẹ̀ kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ àwọn ọ̀mọ̀wé nìkan. Aago inú sátẹ́láìtì tí fóònù àwọn oní-zémìjàn Kútọnu fi ń mọ ọ̀nà ń fi nǹkan bí ìdá 38 nínú mílíọ̀nù ìṣẹ́jú-àáyá yá ju aago ilẹ̀ lọ lójoojúmọ́, nítorí ìtẹ̀ ọ̀hún lọ́hùn-ún kò tó ti ilẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé eré tí sátẹ́láìtì ń sá ń dín yíyá náà kù díẹ̀. Bí wọn kò bá tún un ṣe, kò ní pẹ́ tí fóònù yóò máa júwe ọ̀nà Calavi fún ẹni tó ń lọ sí Akpakpa.

Ní ti relativité, ó tó kí a sọ pé bí olùtumọ̀ bá kọ “ìlànà ìbátan” sílẹ̀, ará Pobè yóò kọ́kọ́ rò pé ọ̀rọ̀ ogún pínpín ni. Kí wọ́n fi orúkọ Einstein pè é, ó tó bẹ́ẹ̀.

Ihò dúdú ni ó kù. Ó dára kí olùkàwé mọ̀ pé àwọn tó ni ọ̀rọ̀ náà pàápàá kò fi ayọ̀ gbà á. Laplace ti kọ ọ́ ní 1796 pé ìràwọ̀ tó bá tóbi tó lè mú ìmọ́lẹ̀ ara rẹ̀ dúró, kò fún un lórúkọ pàtàkì. Karl Schwarzschild rí ìṣirò rẹ̀ ní 1916, kò fún un lórúkọ. Fún ìgbà pípẹ́ ni àwọn onímọ̀ Sófíẹ́ètì ń pè é ní ìràwọ̀ tó dì, tí àwọn mìíràn ń pè é ní ìràwọ̀ tó wó. Black hole jáde nínú ìwé ìròyìn sáyẹ́ǹsì kan ní Amẹ́ríkà ní 1964, John Wheeler sì sọ ọ́ di ti gbogbo ayé láti 1967. Nígbà tí ó dé ilẹ̀ Faransé, ojú ti àwọn kan láti pè é ní trou noir nítorí ohun mìíràn tí ọ̀rọ̀ náà lè mú wá sọ́kàn, wọ́n sì gbé astre occlus kalẹ̀, ìyẹn ìràwọ̀ tó ti ara rẹ̀ mọ́lé. Astre occlus péye ju trou noir lọ. Ó sì kú. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ọ̀rọ̀-ìperí ní Bẹ̀nẹ̀ kò gbọ́dọ̀ gbàgbé ikú yẹn: ọ̀rọ̀ tó péye tí kò sì rọrùn lẹ́nu, inú ìwé ni yóò sùn sí.

Síbẹ̀, ohun tí trou jẹ́ fún Faransé kọ́ ni ihò jẹ́ fún Yorùbá. Ihò eku, ihò imú, ihò abẹ́rẹ́: ibi tí nǹkan kò sí ni ihò, ó sì ní ẹnu kan tó kọ sí ibì kan. Ihò ṣeé dí. Bí wọ́n bá ti ń kó nǹkan sínú rẹ̀ ni ó ń kéré sí i. Ohun tí à ń sọ yìí kò ní ẹnu, nítorí ọ̀nà gbogbo ni a lè gbà bọ́ sínú rẹ̀, bí nǹkan bá sì ti ń bọ́ sínú rẹ̀ ni ó ń tóbi sí i. Ìwọ̀n ló kún inú ọ̀rọ̀ rẹ̀, òfìfo kọ́. Bí wọ́n bá lè ki gbogbo ilẹ̀ ayé pọ̀ títí yóò fi di ọ̀kan nínú wọn, kò ní tó àgbálùmọ̀ ní títóbi, ìwọ̀n rẹ̀ kò sì ní dín. Dúdú náà kò tọ́. Ìkòkò dúdú, aró dúdú, ewé tó dúdú minimini: ohun tí ojú rí ni gbogbo wọn, ìmọ́lẹ̀ ń padà ti ara wọn wá. Níbi tí ìmọ́lẹ̀ kò ti padà, òkùnkùn ni Yorùbá ń wí. Àpapọ̀ ihò àti òòfà ló sì bí àṣìṣe tó burú jù, pé ohun yìí ń rìn káàkiri ojú ọ̀run ó ń gbé ìràwọ̀ mì. Bí oòrùn bá di irú rẹ̀ lónìí tí ìwọ̀n rẹ̀ kò yí padà, kìlómítà 3 péré ni yóò wà láti àárín rẹ̀ dé ààlà rẹ̀. Òtútù àti òkùnkùn yóò bá ayé, ṣùgbọ́n ayé yóò máa yí i ká lójú ọ̀nà rẹ̀ àtijọ́ bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀. Ọmọ tó kọ́ “òòfà ihò dúdú” kò lè gba èyí gbọ́.

Ọ̀rọ̀ kan ti wà nínú èdè láti ọjọ́ pípẹ́ tó sọ ohun tí nǹkan náà ń ṣe: àrèmabọ̀, ìrìn tí ẹni tó lọ kò ní padà. Ohun tó ya nǹkan yìí sọ́tọ̀ kúrò lára ìràwọ̀ gbogbo ni ààlà kan tí ohun tó bá ti rékọjá rẹ̀, ìbáà ṣe ìmọ́lẹ̀, kò lè padà mọ́. Ààlà àrèmabọ̀ ni ó yẹ kí ó máa jẹ́. Ẹnubodè kò ní dára níbẹ̀, nítorí ẹnubodè Kraké ń gba àlọ ó ń gba àbọ̀. Nǹkan náà fúnra rẹ̀ lè máa jẹ́ ìràwọ̀ àrèmabọ̀, tàbí àrèmabọ̀ ní kúkúrú.

Àtakò méjì ni ó tọ́ kí a gbọ́. Èkínní ni pé ìkéde òkú ni wọ́n ti ń lo àrèmabọ̀ jù, pé ẹ̀rù lè ba ọmọdé. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ìràwọ̀ tó kú ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ nínú nǹkan wọ̀nyí, àfiwé náà kò sì jìnnà. Èkejì wúwo ju ìyẹn lọ. Ní 1974, Stephen Hawking fi ìṣirò hàn pé ìtànṣán díẹ̀díẹ̀ ń jáde láti ibi ààlà náà, tó bẹ́ẹ̀ tí àrèmabọ̀ lè gbẹ tán lẹ́yìn ọdún tí kò lóǹkà. Ṣé ohun tó wọlé tún ń padà nìyẹn? Bóyá ìròyìn nípa ohun tó wọlé wà nínú ìtànṣán náà ni àwọn onímọ̀ ṣì ń jà lé lórí. Bí wọ́n bá fìdí rẹ̀ múlẹ̀ lọ́jọ́ kan pé ó wà níbẹ̀, àrèmabọ̀ yóò ní àléébù, gẹ́gẹ́ bí atome ti ní àléébù lẹ́yìn tí wọ́n ti pín ohun tí orúkọ rẹ̀ sọ pé kò ṣeé pín. Ó yẹ kí àwọn tó bá gba ọ̀rọ̀ náà mọ èyí ṣáájú.

Ọ̀nà kẹta kan wà tí àwọn kan lè fẹ́ tọ̀, èyíinì ni láti wá àrèmabọ̀ lọ sínú ẹsẹ Ifá kí wọ́n sì kéde pé ó ti wà níbẹ̀. Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kò ṣe Ifá lóore, kò sì ṣe fisíìkì lóore. Èdè lè ya ọ̀rọ̀ fún ìmọ̀ tuntun láìpurọ́ pé òun ló ni ín.

Ta ni gbogbo àríyànjiyàn yìí wà fún? Ní Dangbo, lẹ́bàá Àjàṣẹ́, ilé-ẹ̀kọ́ gíga kan wà, Institut de Mathématiques et de Sciences Physiques, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1988. Àwọn olùwádìí tí orúkọ ilé-ẹ̀kọ́ náà wà lórí iṣẹ́ wọn, bíi M. J. S. Houndjo tí iṣẹ́ rẹ̀ kan jáde ní 2012, ti kópa nínú ìwádìí lórí bóyá ó yẹ kí a tún ìlànà Einstein ṣe, kí a lè ṣàlàyé ìdí tí àgbáyé fi ń gbòòrò pẹ̀lú eré tó ń pọ̀ sí i. Lẹ́tà méjì ni wọ́n fi ń pe ìlànà náà, f(R,T). T dúró fún ìwọ̀n àti agbára tó wà níbì kan. R dúró fún ìtẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ìwé náà, Faransé ni wọ́n fi ń kọ́ akẹ́kọ̀ọ́. Bí ọmọ Sakété tó ń ṣe irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ bá wá lọ sílé nígbà ọdún, tí ìyá rẹ̀ bi í pé iṣẹ́ kí ni ó ń ṣe, ọ̀rọ̀ tí ilé-ẹ̀kọ́ fún un láti fi dáhùn ni òòfà, ohun kan ṣoṣo tí kò sí nínú ìṣirò rẹ̀. Ní Ifẹ̀, láti 1970, ètò tí Babs Fáfúnwá darí ti fi hàn pé ọmọ lè fi Yorùbá kọ́ sáyẹ́ǹsì fún ọdún 6 kí ó sì yege. Ní 1984, Èdè-Ìperí Yorùbá tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ fún àwọn onímọ̀ èdè àti lítíréṣọ̀ ní ọ̀rọ̀ tiwọn. Fisíìkì lẹ́yìn Newton ń dúró de tirẹ̀.

Ọ̀nà tó dára jù láti dán ọ̀rọ̀-ìperí wò ni kí a fi kọ ìròyìn tuntun. Èyí ni ọ̀kan, tó jáde ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2025:

“Ní ọjọ́ 14 oṣù kìn-ín-ní ọdún 2025, ìgbì ìtẹ̀ kan la ayé kọjá, àwọn ẹ̀rọ LIGO ní Amẹ́ríkà sì gbọ́ ọ. Àrèmabọ̀ méjì, tí ìwọ̀n ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ju ìwọ̀n oòrùn lọ ní ìlọ́po 30, ló yí ara wọn ká títí wọ́n fi di ọ̀kan. Kí wọ́n tó pàdé, fífẹ̀ ààlà àwọn méjèèjì papọ̀ jẹ́ nǹkan bí 240,000 kìlómítà níbùú lóròó. Lẹ́yìn ìpàdé wọn, ti ẹyọ kan tó kù tó 400,000. Hawking ti sọ ọ́ ní 1971 pé irú ààlà bẹ́ẹ̀ kì í dín kù.”

Ìgbì bá a mu púpọ̀. Ẹni tó bá ti dúró ní etí òkun Kútọnu rí kò nílò àlàyé pé ìgbì lè rìn jìnnà láìjẹ́ pé omi ibẹ̀ ló bá a rìn. Ìtẹ̀ àti àrèmabọ̀ kò di ẹ̀gún sí gbólóhùn náà lọ́rùn. Fífẹ̀ ni kò tíì dára. Fẹ̀ lè jẹ́ bí nǹkan ti gbòòrò tó, ó sì lè jẹ́ pé ó ń gbòòrò sí i, olùkàwé sì lè rò pé ààlà náà ti ń fẹ̀ kí wọ́n tó pàdé. Bóyá kí wọ́n máa lo ìbú-òun-òró níbẹ̀, bó tilẹ̀ gùn, kí fífẹ̀ sì dúró fún ti àgbáyé tó ń gbòòrò.